Tábúlẹ́ẹ̀tì Tuntun Tí Iná Rẹ̀ Ń Yára Tán: Ta Ló Ń Mu Ún?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Asẹ̀na ní Kétu, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Kó tó kí mi tán ni mo ti gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé inú ń bí i. Wọ́n bá a ra tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun láti Kútọnu, owó tó ti ń tù jọ díẹ̀díẹ̀ ló sì fi rà á.

"Mo fi síná sùn, ó kún fọ́fọ́ láàárọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti já sí 40. Mo gbé e fún aládùúgbò mi kó bá mi fi síná, wákàtí méjì gbáko, 5 péré ló fi lé e. Kí n tó palẹ̀ ọjà mọ́, ó ti kú pátápátá. Ọmọ mi, àlòkù ni wọ́n tà fún mi."

Ó ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ pé kó bá òun dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má tíì dá a padà. Ọjọ́ mélòó ló ti lò lọ́wọ́ yín?" Ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa wá wò ó fúnra mi.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè. Ní Àjàṣẹ́ níbi tí mò ń gbé, kò sí oṣù tí ẹnì kan ò ní na tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun sí mi pé bátìrì rẹ̀ kò dára. Òbí tó rà á fún ọmọ ilé ìwé ni nígbà mìíràn, oníṣòwò tó fẹ́ máa kọ gbèsè àti ìdókòwò sínú rẹ̀ ni nígbà mìíràn. Owó ńlá ni fún wọn, ọkàn wọn ò sì balẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí kínníkínní, torí pé ẹlòmíràn ń dá ohun tó dára padà, ẹlòmíràn sì ń fara mọ́ ohun tó bàjẹ́ títí àsìkò tó lè fi dá a padà á fi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ óò rí 5000 mAh, 7000 mAh, tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nọ́ńbà yìí ló ń sọ iye wákàtí tí iná máa fi wà, pé 7000 gbọ́dọ̀ pẹ́ ju 5000 lọ. Àmù omi ni nọ́ńbà yẹn. Bí àmù ṣe tóbi tó ló ń sọ, kò sọ iye ẹnu tó ń mu nínú rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò díẹ̀, kò le. Bátìrì tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gbé nǹkan bí 3.8 fóltì. Ẹ fi 1000 pín 7000, ó di 7. Ẹ sọ 7 di ìlọ́po 3.8, ẹ óò rí nǹkan bí 27. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní wáàtì-wákàtí, ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú bátìrì náà lè bọ́ ohun èlò tó ń jẹ wáàtì 27 fún wákàtí kan, tàbí èyí tó ń jẹ wáàtì kan ṣoṣo fún wákàtí 27.

Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe fíìmù, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, lè máa jẹ wáàtì mẹ́rin. Ẹ fi 4 pín 27, kò tó wákàtí méje. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ dé góńgó, tó tún ń fa fíìmù náà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára, ó lè jẹ wáàtì mẹ́fà, ó di wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn fọnfọn, tí kò jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan lọ, bátìrì kan náà yóò gbé e fún ọjọ́ mọ́kànlá. Bátìrì kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé iná tábúlẹ́ẹ̀tì òun ń tán kíákíá, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni: kí ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn?

Ohun mìíràn tún wà tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà: wọ́n ń fi wé fóònù wọn. Fóònù tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́fà ààbọ̀ lè ní bátìrì 5000 mAh. Tábúlẹ́ẹ̀tì íǹṣì mẹ́wàá lè ní 7000. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì kò tó ìlọ́po méjì ti fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọn ojú méjèèjì ní gígùn àti ìbú, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti fóònù. Àmù fẹ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ ẹni tó ń mu nínú rẹ̀ ti di mẹ́ta. Bí ẹ bá ń wo fíìmù lórí méjèèjì, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bí ti tábúlẹ́ẹ̀tì bá kọ́kọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tó wà ní tuntun gan-an ló máa ń burú jù? Èyí ló rú ẹ̀gbọ́n ìyá mi lójú. Lójú tirẹ̀, ohun tuntun gbọ́dọ̀ lágbára ju ohun tó ti pẹ́ lọ. Òótọ́ ni pé bátìrì tuntun lágbára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí tábúlẹ́ẹ̀tì ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò jọ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó dà bí ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé ọkọ: ẹrù ò tíì tú tán, kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí, kò mọ ẹni tó ń jí ní kùtùkùtù àti ẹni tó ń pẹ́ dé.

Bí ẹ bá ti fi àdírẹ́sì Google yín sínú rẹ̀ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Á lọ kó orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín wá. Á fa gbogbo áàpù tí ẹ ní lórí fóònù àtijọ́ wálẹ̀. Áàpù tó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ti pẹ́ lórí igbá, á tún máa wá èyí tó tuntun ju ìyẹn lọ. Bí Android fúnra rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí tábúlẹ́ẹ̀tì náà, bá tún ara rẹ̀ ṣe, ó máa ń tún àwọn áàpù tò lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè yára ṣí, iṣẹ́ ọpọlọ ńlá sì ni fún un. Bí àwòrán yín bá pọ̀, á máa tò wọ́n, á máa wo ojú tó wà nínú wọn kó lè mọ ti ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Gbogbo èyí ń lọ lábẹ́lẹ̀, ẹ ò rí nǹkan kan lójú rẹ̀, àyàfi kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ gbọ́ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀kọ́ tún wà tí kò tíì kọ́. Láti ọdún 2015, nígbà tí Android 6 jáde, ẹ̀rọ wọ̀nyí ti mọ bí a ṣe ń sùn: bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, tí ẹ pa ojú rẹ̀, tí ẹ ò sì mì ín, á dá ọ̀pọ̀ áàpù dúró. Ní 2018, Android 9 tún fi òmíràn kún un: ó ń wo áàpù tí ẹ máa ń lò àti èyí tí ẹ kì í fọwọ́ kàn, á wá máa fún èyí tí ẹ kì í lò ní ìwọ̀nba iná. Ṣùgbọ́n ó ní láti mọ̀ yín kó tó lè ṣe é. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, bákan náà ni gbogbo áàpù rí lójú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń fún ní àyè.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gà, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń fi owó rà, ló wá jẹ́ kó burú sí i fún àwa tí a wà níbí. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ bí omi òjò, iṣẹ́ ìtúẹrù yìí lè parí láàárín òru kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ra mẹ́gà díẹ̀díẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í fa áàpù wálẹ̀, mẹ́gà á tán, á dúró. Ó tún rà, á tún bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ òru kan wá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá ra tábúlẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wá ilé ẹnì kan tó ní Wi-Fi tó dára, kí wọ́n fi síná, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfọwọ́ kàn án. Ìmọ̀ràn tí mo fọkàn tán jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Mo gba Ṣakẹ́tẹ́, mo gba Pọ́bẹ̀, mo dé Kétu. Lábẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti bá a, tábúlẹ́ẹ̀tì náà wà lórí ìdì aṣọ, oòrùn sì ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Mo wo ojú rẹ̀: ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti dínjú.

Ojú ẹ̀rọ ló ń jẹ iná jù ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń wo ìmọ́lẹ̀ àyíká. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, á gbé ti ojú sókè kí ẹ lè rí i kà. Ohun tó dára ni nínú ilé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀run ọjà, tí oòrùn ń ràn láti aago mẹ́jọ dé aago márùn-ún, góńgó ni yóò wà láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ lọ sí "Paramètres", lẹ́yìn náà "Affichage", ẹ wá "Luminosité". Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń rà níbí, nítorí náà ni mo ṣe pè é bí ẹ óò ṣe rí i. Ẹ pa "Luminosité adaptative" tí ẹ bá jókòó síta, ẹ fi ọwọ́ fà á sí àárín, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ oòrùn. Ibẹ̀ náà ni ẹ óò ti rí iye ìṣẹ́jú tí ojú fi ń mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kalẹ̀. Àwọn ọmọ ti fi tirẹ̀ sí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, kí eré wọn má bàa máa kú. Bí oníbàárà bá dé, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé e kalẹ̀ láti na aṣọ, ìdajì wákàtí ni yóò fi máa tàn fún ẹni tí kò wò ó. Mo dá a padà sí ìṣẹ́jú kan.

Ẹ óò gbọ́ pé kí ẹ sọ ojú rẹ̀ di dúdú, pé iná kò ní tán mọ́. Èyí kì í ṣe òótọ́ fún gbogbo ẹ̀rọ. Oríṣi ojú méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní OLED, ojú kọ̀ọ̀kan kékeré inú rẹ̀ ló ń tan ara rẹ̀, nítorí náà ibi tó bá dúdú ti kú, kò jẹ iná. Lórí irú ìyẹn, dúdú ń ṣe àǹfààní. Ṣùgbọ́n LCD ni ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tí owó wọn mọ níwọ̀n, iná kan ló sì ń tàn lẹ́yìn gbogbo ojú rẹ̀, bíi fìtílà lẹ́yìn aṣọ. Bí ẹ bá ya aṣọ náà sí dúdú, fìtílà ṣì ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Dúdú lè tu ojú yín lára lálẹ́, kò ní fi bẹ́ẹ̀ dá iná sí lórí LCD.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà nínú rẹ̀. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ní SIM, tí ẹ sì gbé e lọ sí oko tàbí abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti fi bẹ́ẹ̀ dé, ńṣe ni yóò máa kígbe wá ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jìnnà. Bí ọ̀pá bá ṣe jìnnà tó ni igbe rẹ̀ ṣe ń le tó, igbe náà sì ń jẹ iná. Mo ti rí i tí bátìrì dín kù gidigidi láàárín Pọ́bẹ̀ sí Kétu nínú àpò mi, láìjẹ́ pé mo ṣí i. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti wúlò fún yín, ẹ tẹ "Mode avion", ó tán.

Ọ̀rọ̀ ṣájà ló kù, òun ni mo sì fẹ́ fi àsìkò sí, torí pé òun ni wọ́n kì í fura sí.

Mo bi í léèrè pé ṣájà wo ni wọ́n fi ń fún un níná. Ó nawọ́ sí ṣájà fóònù kékeré rẹ̀ àtijọ́, èyí tí ara rẹ̀ ti ń pọ́n. Èyí tó bá tábúlẹ́ẹ̀tì wá nínú páálí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti mú un fún fóònù tirẹ̀, ó ní òun ló ń yára. Mo yí ṣájà kékeré náà padà, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ ní lẹ́tà tíntìntín, níwájú ibi tí wọ́n kọ "Output" sí: 5V, 1A. Ẹ sọ 5 di ìlọ́po 1: wáàtì márùn-ún. Gbogbo ohun tó lè tú sínú àmù nìyẹn.

Ní òru, tí tábúlẹ́ẹ̀tì sùn, wáàtì márùn-ún yẹn ń wọlé gbogbo rẹ̀, yàtọ̀ sí díẹ̀ tó ń di ooru. Láàárín wákàtí mẹ́jọ, ó tó láti kún àmù 27. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń jí bá a pé ó ti kún. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tó bínú yẹn, àwọn ọmọ aládùúgbò ń wo eré lórí rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iná. Wáàtì márùn-ún ń wọlé, mẹ́rin ń jáde. Ẹyọ kan ló ń kù sínú. Wákàtí méjì, wáàtì-wákàtí méjì, ooru sì tún mú nínú ìyẹn. Ẹ fi wé 27, ẹ óò rí i pé 5% tó rí yẹn, ìṣírò ni. Bátìrì kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé kó gba ṣájà rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ 5V, 2A sí ìdí tìyẹn, wáàtì mẹ́wàá. Ìlọ́po méjì. Okùn náà ṣe pàtàkì: okùn tó gùn jù, tó tín-ín-rín jù, tàbí tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́, máa ń pàdánù agbára lójú ọ̀nà, ṣájà tó dára náà ò sì ní lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn àtijọ́ kan wà tí ẹni tó bá a ra tábúlẹ́ẹ̀tì náà fún un: pé kó kọ́kọ́ fi síná fún wákàtí 24 kó tó lò ó, kó sì jẹ́ kó kú pátápátá kó tó tún fún un níná, kí bátìrì lè "là". Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn náà ti wá. Bátìrì àtijọ́ tí wọ́n fi níkẹ́lì àti kádímíọ́mù ṣe nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sọ ọ́ nígbà náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì lítíọ́mù ló wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ilé iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé e dé ọjà ní 1991, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, sì jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2019. Tirẹ̀ yàtọ̀. Kò nílò wákàtí 24: bó bá ti kún, á dá gbígba iná dúró fúnra rẹ̀. Kíkú pátápátá ló sì ń pa á lára. Bó bá wà láàárín 20 àti 80, ara rẹ̀ máa ń yá jù.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ tòótọ́. Èyí ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ojú ọjọ́ tiwa níbí. Ní oṣù kẹta, tí ilẹ̀ ń gbóná ní Kétu, tí ó sì tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ṣábẹ̀ẹ́, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé síwájú gíláàsì ọkọ̀ tàbí sórí páànù ń jẹ ìyà. Bátìrì tó gbóná ń gbó kíákíá, ohun tó bá sì gbó nínú rẹ̀ kò ní padà. Ẹ má fi í sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó ń gba iná. Ẹ bọ́ àpò rọ́bà rẹ̀ kúrò bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń gbóná. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2025 ní bátìrì fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ lè kún kó sì tán ní ìgbà 800, kó sì ṣì máa gba ìdá 80 nínú 100 ohun tó ń gbà ní tuntun. Bí ẹ bá ń lò ó tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó ju ọdún méjì lọ nìyẹn. Ooru lè mú irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ kúrú gan-an.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi áàpù tó ń "dá bátìrì sí" síbẹ̀ fún yín. Áàpù náà fúnra rẹ̀ kì í sùn, ìpolówó ló sì kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. "Économiseur de batterie" tó ti wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì láti ilé iṣẹ́ tó.

Àmọ́ ṣá o, bátìrì tó bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́ wà. Tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù tí wọ́n nù dán, tí wọ́n tún fi sínú páálí, wà. Páálí tí wọ́n kọ 10000 sí, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì, wà pẹ̀lú. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ọ̀kan fún ọmọ àbúrò mi. Ó ń dín kù ní alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, mo sì ń sọ pé ẹrù ló ṣì ń tú. Mo ń dúró. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi wú, ọjọ́ tí òǹtajà fún mi láti dá a padà ti kọjá. Ó dùn mí títí di òní, nítorí ọmọ náà ti ń fi ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ náà dán an wò.

Òru méjì ni ìdánwò náà. Ní òru àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó kún, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, ẹ fi sí "Mode avion", ẹ pa ojú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ sùn. Ẹ kọ tàárọ̀ náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 1 sí 3 ló lọ, ara bátìrì yá. Ní òru kejì, ẹ ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní títàn. Bí òru kejì bá gbé púpọ̀ lọ, tí ti àkọ́kọ́ sì kéré, ẹnì kan ló ń mu omi nínú ilé. Ẹ lọ sí "Paramètres", "Batterie", ẹ ṣí "Utilisation de la batterie", ẹ óò rí orúkọ rẹ̀ lókè pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ òru àkọ́kọ́ gan-an ló gbé 10 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe òru kẹta ní "Mode sans échec". Nínú ìyẹn, áàpù tí ẹ fúnra yín kó sínú rẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣì ń lọ, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i nílé. Ẹ mú ìwé tí òǹtajà fún yín nígbà tí ẹ rà á, ẹ mú àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ padà tọ̀ ọ́ lọ. Nọ́ńbà tí ẹ kọ lórí ìwé máa ń ní ìwúwo ju "kò pẹ́ rárá" lọ. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń gbé sókè létí, ẹ má dán ohunkóhun wò mọ́, ẹ má fi síná, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ohun kan tún lè dẹ́rù bà yín: nọ́ńbà tó ń fò. Ó wà ní 31, ẹ yíjú padà, ó ti di 24. Nọ́ńbà yẹn, tábúlẹ́ẹ̀tì ń fojú dá a ni, kò sí ẹni tó ń wo inú bátìrì. Ní tuntun, kò tíì mọ ibi tí ìsàlẹ̀ àmù wà. Ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 5 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fún un níná títí yóò fi kún láìyọ ọ́, ó sábà máa ń tò lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ní Kétu, òru kan péré ni mo lè dúró. Ní "Mode avion", tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ní 96, ó jí ní 94. Mo gbé e fún un pé kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó wò ó, ó wo mi, ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn ni kí n bá wí, à bí ṣájà?" Mo ní, "Màmá, àti ṣájà, àti oòrùn, àti àwọn áàpù tó ṣì ń wọlé." Ó ránṣẹ́ sí awakọ̀ náà pé kó má wá mọ́.

Ó pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun ti ń palẹ̀ ọjà mọ́, aago mẹ́fà kọjá, 38 ló ṣì wà lójú rẹ̀. Ṣájà náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Ó ti gé etí aṣọ pupa kan, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn, gbogbo ilé sì ti gbọ́ pé ẹni tó bá yọ ọ́ níbi tó wà, òun ló máa bá òun tà ní ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.